Ìró Tó Ń Bọ́ Ẹ̀rọ Inú Ara

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí dókítà ń rì sínú ara ènìyàn ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ awọ, tàbí tó wà nínú ọkàn gan-an, níbo ló ti ń rí iná lò? Ọ̀nà wo ló sì ń gbà ránṣẹ́ sí dókítà tó wà níta? Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yìí. Ìdáhùn kan tó ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ báyìí, ìró ni. Ìró o, irú èyí tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1958. Ohun méjì ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà, àwọn tó ṣe wọ́n kò sì mọ̀ pé lọ́jọ́ kan iṣẹ́ àwọn yóò pàdé. Ní oṣù kẹfà, Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow, nílẹ̀ Scotland, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Lancet. Wọ́n fi hàn pé a lè fi ultrasound, ìyẹn ìró tí etí kò lè gbọ́ yìí, wo inú ikùn láìfi ọ̀bẹ kàn án. Scan tí gbogbo aláboyún ń lọ ṣe lónìí, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ní ilé ìwòsàn Karolinska tó wà lẹ́bàá Stockholm, ní Sweden, wọ́n ri odindi pacemaker sínú ara ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Pacemaker ni ẹ̀rọ tó ń fún ọkàn tó ń lọ́ra ní ìwọ̀nba iná mànàmáná, kí ó lè máa lù bó ṣe yẹ.

Arne Larsson lorúkọ ọkùnrin tí wọ́n ṣe é fún, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ọkàn rẹ̀ a máa dúró lójijì, á dákú lọ rangbọndan; ó lè dákú ní ogún ìgbà tàbí ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́. Ìyàwó rẹ̀, Else-Marie, ló gbọ́ pé onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Rune Elmqvist àti oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Åke Senning ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n ní àwọn kò tíì ní èyí tí a lè rì sínú ara ènìyàn. Ìyá náà ní kí wọ́n lọ ṣe ọ̀kan nígbà náà! Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, títí wọ́n fi gbà fún un. Elmqvist kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fi agolo pólíìṣì bàtà ṣe ohun ìdà, ó sì da ike olómi bò ó títí ó fi gan. Èmi kì í yé yin obìnrin yìí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni ìwé ìtàn ń dárúkọ, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ti ìyàwó tó kọ̀ tí kò lọ sílé, ta ní mọ ọdún tí wọn ì bá tó dá a láṣà?

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn kò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ tó fi kú. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Títí Larsson fi dàgbà, pacemaker tí wọ́n ti fi sí i lára tí wọ́n sì tún yọ lé ní ogún. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún ni nígbà tó kú ní ọdún 2001, ọkàn kọ́ ló sì pa á, àrùn jẹjẹrẹ awọ ara ni. Elmqvist tó ṣe ẹ̀rọ náà àti Senning tó fi abẹ rì í, àwọn méjèèjì ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀rọ láti ìgbà dé ìgbà bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ bátìrì àti wáyà ni. Pacemaker àkọ́kọ́ yẹn ní bátìrì tí wọ́n lè gba iná sí láti ìta: wọ́n á gbé wáyà tí wọ́n ká róbótó lé orí awọ, wáyà mìíràn tó wà nínú ara á gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní ni ìbéèrè oúnjẹ ẹ̀rọ yìí ti wà nílẹ̀. Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ti dán wò. Ní ọdún 1970, ní Paris, wọ́n tilẹ̀ ri pacemaker tó ń fi ooru plutonium ṣiṣẹ́ sínú ara ènìyàn. Plutonium o, ohun tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù! Ó ṣiṣẹ́, ó sì pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ìyọnu tó wà nínú kí a máa tọpa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹni tó gbé e bá kú. Bátìrì lithium ló wá borí ní àwọn ọdún 1970, àwa náà ṣì wà lórí rẹ̀ títí dòní. Bátìrì tó dára a máa lo ọdún márùn-ún, mẹ́wàá, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá tán, ọ̀bẹ dé nìyẹn.

Wáyà ńkọ́? Wáyà ló ń so àpótí kékeré tó wà lábẹ́ awọ àyà mọ́ ọkàn. Ọkàn tó bá ń lù ní àádọ́rin ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, á lù tó ọ̀kẹ́ márùn-ún ìgbà lójoojúmọ́, gbogbo ìgbà tó bá sì lù ni wáyà náà ń tẹ̀ tí ó ń nà. Ó lè ṣẹ́. Kòkòrò àrùn lè bá a wọlé. Yíyọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ sì léwu, nítorí ẹran ara á ti hù bò ó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà ọkàn, wọ́n á sọ fún yín pé wáyà ni ibi tí pacemaker ti kù díẹ̀ káàtó.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣebí rédíò wà, kí a fi rédíò ránṣẹ́ sí i, kí a sì fi rédíò bọ́ ọ. Òótọ́ ni pé a ń lò ó. Pacemaker òde òní ń fi ìgbì rédíò bá ẹ̀rọ dókítà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí etí adití náà, tó wà lábẹ́ awọ lẹ́yìn etí, irú agbára àìfojúrí bẹ́ẹ̀ ló ń gbà. Ṣùgbọ́n ìgbì rédíò ní ìwà tirẹ̀. Ohùn mi tí ẹ ń gbọ́ yìí, bó bá jẹ́ lórí FM lẹ ti ń gbọ́ wa, ìgbì tó gbé e wá, ọ̀kan ṣoṣo gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń fa eríàlì rédíò yín gùn. Ohun tí yóò gba ìgbì dáadáa gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n tó bá ìgbì náà mu. Bí a bá wá ṣe ẹ̀rọ tí kò ju mìlímítà kan lọ, tí a rì í jìn sínú ara, kí ni yóò fi gba rédíò? Èyí tó tún burú ni pé omi àti iyọ̀ ló kún inú ara wa. Ìgbì rédíò tó bá wọ inú ara, ojú ọ̀nà ló ti ń di ooru. Kí ó tó dé ìsàlẹ̀, ó ti tán.

Ìró ní tirẹ̀ ń rìn dáadáa nínú ẹran ara. Etí wa ń gbọ́ ohun tó bá ń gbọ̀n láti nǹkan bí ogún ìgbà dé ẹgbàá mẹ́wàá ìgbà, ìyẹn 20,000, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, àdán lè gbọ́ ọ, àwa kò lè gbọ́ ọ. Ti ilé ìwòsàn máa ń gbọ̀n ní mílíọ̀nù kan ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ara, ìró ń sáré ní nǹkan bíi mítà 1,540 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ pín ìyára yìí sí iye ìgbà tó ń gbọ̀n náà: ìgbì kan á gùn ní mìlímítà kan ààbọ̀ péré. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ tí kò tóbi ju mìlímítà kan sí méjì lọ lè gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. A sì lè kó ìró yìí jọ sí ojú kan ṣoṣo nínú ara, kí ó má tú ká. Àjọ FDA, ìyẹn àjọ tó ń ṣọ́ oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, gbà kí scan lo agbára ìró tó tó 720 mìlíwáàtì lórí ojú ibi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, sẹ̀ǹtímítà kan lóròó. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà fún rédíò kò sún mọ́ ọn rárá.

Báwo ni ìró ṣe ń di iná mànàmáná? Ẹ wo ohun tí ẹ fi ń ṣáná sí gáàsì nínú ilé ìdáná, èyí tó máa ń dún tá! Nínú rẹ̀ ni òkúta kékeré kan wà tó jẹ́ pé tí nǹkan bá gbá a tàbí tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, iná á bẹ́ lára rẹ̀. Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques ló rí ìwà yìí lára irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní Faransé ní ọdún 1880. Wọ́n tún wá rí i pé ó ń ṣe é padà: tí a bá fi iná sí i, òkúta náà á gbọ̀n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Paul Langevin, ọmọ Faransé bákan náà, lo irú òkúta yìí láti fi ìró wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Orí ẹ̀rọ scan tí wọ́n ń fi pa aláboyún níkùn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀: ó ń gbọ̀n láti rán ìró lọ, ó sì ń gba èyí tó bá padà wá. Nítorí náà, bí a bá ri òkúta irú èyí sínú ara, tí a wá fi ultrasound lù ú láti ìta, á máa gbọ̀n, iná á sì máa jáde lára rẹ̀. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Kò sí wáyà.

Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìlú mọ̀ọ́ká ni Michel Maharbiz àti Jose Carmena, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Yunifásítì California ní Berkeley. Wọ́n ń lépa ohun tí wọ́n pè ní eruku fún iṣan ìmọ̀lára. Ní ọdún 2016, wọ́n kéde pé àwọn ti ri ọ̀kan sára iṣan ẹsẹ̀ eku. Ó gùn ní mìlímítà mẹ́ta, ó ga ní mìlímítà kan, fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju òkúta agbaìró yẹn, chip kékeré kan, àti ẹnu méjì tó kan iṣan.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ó wù mí jù. Ẹ mọ̀ bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń mú àfọ́kù dígí lọ sínú oòrùn, tí wọ́n á máa tàn án sí ara wọn lójú. Ọmọ náà kò ní tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Iná oòrùn ló ń dá padà, bó bá sì ti yí dígí náà sí, bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán á yí sí. Ẹ̀rọ inú eku yẹn náà kò ní ohùn tirẹ̀. Wọ́n rán ìró sí i láti ìta, ó lo díẹ̀ nínú rẹ̀ bí oúnjẹ, ìyókù ta padà lára rẹ̀. Nígbà tí iná mànàmáná bá kọjá lójú iṣan, chip náà á yí bí òkúta ṣe ń gbọ̀n padà díẹ̀, ìró tó padà wá á sì yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó wà níta á ka ìyàtọ̀ yẹn, á mọ ohun tí iṣan náà ń ṣe. Ìró kan náà gbé oúnjẹ lọ, ó sì gbé iṣẹ́ bọ̀. Ní ọdún 2020, àwọn ará Berkeley kan náà tún gbé òmíràn jáde tó lè ta iṣan jí, ó sì kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́dún náà ni ilé-iṣẹ́ oògùn Astellas láti Japan ra ilé-iṣẹ́ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjèèjì dá sílẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn ará Yunifásítì Columbia ní New York ṣe èyí tó ń wọn bí ara ṣe gbóná tó. Ó kéré débi pé wọ́n lè gbà á sínú abẹ́rẹ́ kí wọ́n fi gún ara, wọ́n sì ti fi gún eku wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rò pé ìró kò lè gbé ọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ gbọ́ ti àwọn ará Yunifásítì Illinois. Ní ọdún 2016, wọ́n ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ màlúù, wọ́n fi ultrasound rán ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì yára débi tí fídíò tó mọ́ kedere lè gbà kọjá níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà mọ àwàdà. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà, ẹran ló wà nínú rẹ̀. Èmi kò bá wọn wí. Ẹni tó bá ti dúró ní ìsọ̀ alápatà nítorí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n eku ni eku, ẹran ọjà sì ni ẹran ọjà. Ìbéèrè tí ẹ ó bi mí ni pé, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà láyé lónìí tí ìró ń bá ọkàn rẹ̀ ṣiṣẹ́? Ó wà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀.

Àwọn kan wà tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́, tó jẹ́ pé yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún àti yàrá ìsàlẹ̀ òsì ọkàn náà kì í fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan á ṣáájú, èkejì á máa wọ́ tẹ̀lé e, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní jáde tó. Pacemaker lásán kò tó fún irú wọn. Wọ́n nílò èyí tí yóò ta yàrá méjèèjì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà ti ọ̀tún rọrùn láti fi sí i. Ti òsì ni iṣẹ́. Yàrá òsì ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, títí dé ọpọlọ. Bí wáyà bá ń jà gìrìgìrì nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lára, kí ẹ̀jẹ̀ dídì náà sì já lọ sí ọpọlọ, kí ó di rọpárọsẹ̀. Nítorí náà, òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọkàn ni wọ́n ń gbé wáyà náà gbà, bí ẹni ń gba ẹ̀yìnkùlé. Lára àwọn aláìsàn kan, òpó yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ jù tàbí kí ó má lọ síbi tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn mìíràn, wáyà á débẹ̀, kò ní ṣe wọ́n láǹfààní.

Ilé-iṣẹ́ EBR Systems, ní Sunnyvale, California, ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní WiSE fún irú wọn. Ohun tí wọ́n gún mọ́ ara ògiri inú yàrá òsì ọkàn kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan, kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Ẹran ara á sì hù bò ó bó bá yá. Ẹ̀rọ mìíràn wà lábẹ́ awọ, láàárín egungun ìhà lápá òsì, èyí ló ń rán ìró. Pacemaker tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á ta yàrá ọ̀tún jí bí ó ti ń ṣe. Ẹ̀rọ ìhà yìí á gbọ́ ọ, kíá á ju ìró ultrasound sí inú ọkàn, èyí tó wà nínú ọkàn á sọ ọ́ di iná, yàrá òsì á fún. Gbogbo èyí kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú. Bó ṣe ń rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá ń lù, tọ̀sán tòru.

Kò dé ibẹ̀ láìfarapa o. Ìwádìí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lára àwọn aláìsàn ní Yúróòpù, ènìyàn mẹ́tàdínlógún péré ni wọ́n dé tí wọ́n fi dá a dúró, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ jò yí ọkàn mẹ́ta nínú wọn ká nígbà tí wọ́n ń gbé nǹkan kékeré yẹn wọlé. Ìró kọ́ ló ṣe wọ́n ní ibi. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gún un mọ́ ògiri ọkàn ló le jù. Wọ́n lọ tún irinṣẹ́ náà ṣe kí wọ́n tó padà wá. Nínú ìwádìí ńlá tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2024, yàrá òsì ọkàn tó ti wú súnkì ní nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 láàárín oṣù mẹ́fà, àmì gidi sì nìyẹn pé ọkàn náà ń rí ìsinmi. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, FDA fọwọ́ sí i fún lílò ní Amẹ́ríkà.

Kí n sọ ojú abẹ níkòó: bátìrì kò tíì lọ. Nínú WiSE, ẹ̀rọ tó wà ní ìhà ń lo bátìrì, bátìrì náà á sì tán, wọ́n á sì fi abẹ pààrọ̀ rẹ̀. Pacemaker àtijọ́ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó sọnù ni wáyà inú yàrá òsì. Lójú tèmi, ohun ńlá ni, nítorí ibi tí wáyà kò ti yẹ kó dé ni wọ́n ti mú un kúrò, wọ́n sì gbé bátìrì wá síbi tí ọwọ́ dókítà ti lè tó o láìfọwọ́ kan ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá sọ fún yín pé àwọn ti ń ta eruku tí wọ́n á fi sí yín lọ́pọlọ, ẹ ní kó máa gbé e lọ.

Ìró náà ní ohun tó ń bà á lójú jẹ́. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe scan rí mọ gẹ́ẹ̀lì tútù tí wọ́n ń pa sí ikùn. Nítorí kí afẹ́fẹ́ má bàa wà láàárín ẹ̀rọ àti awọ ni. Ìró tó bá pàdé afẹ́fẹ́ á ta padà ni, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró kún fún afẹ́fẹ́, egungun sì ń gbé ìró mì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ wo ìhà aláìsàn kí wọ́n tó fi WiSE sí i, bóyá wọ́n á rí fèrèsé láàárín egungun, níbi tí ẹ̀dọ̀fóró kò ní dí ọ̀nà ọkàn. Ti ọpọlọ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí egungun orí nípọn. Àwọn ará Berkeley fúnra wọn, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ro èrò náà ní 2013, ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀rọ tó ń rán ìró gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ egungun orí, kí òmíràn máa fi rédíò bọ́ ọ láti ìta. Bí ìró bá sì ṣe ń gbọ̀n kíákíá tó, bẹ́ẹ̀ ni ara ń gbé e mì tó. Tí wọ́n bá wá fi agbára púpọ̀ sí i, ara á gbóná. Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ̀rọ tó ń se ẹran tó wà yí i ká.

Àǹfààní kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí, ọ̀rọ̀ ààbò sì ni. Nítorí pé ìró kò lè gba afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa, ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ̀rọ irú èyí sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ara ẹni tó gbé e. Rédíò kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2007, nígbà tí Dick Cheney jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rẹ̀ pa apá tó ń lo rédíò nínú ẹ̀rọ ọkàn rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù pé ẹni ibi lè dúró sí òkèèrè kó fi pa á. Ní ọdún 2017, FDA kéde pé kí àwọn tó lo oríṣi pacemaker kan lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, kí wọ́n lè ṣàtúnṣe sí ìlànà tó wà nínú rẹ̀ kí olè kọ̀ǹpútà má bàa wọlé. Pacemaker tó lé ní 460,000 ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní Amẹ́ríkà nìkan. Ẹ wá sọ fún mi, olè wo ni yóò pa gẹ́ẹ̀lì sí yín láyà kí ẹ má mọ̀?

Kí ni gbogbo èyí kan àwa tí a wà nílé? Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ tó nílò pacemaker ni kò rí owó rẹ̀. Àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan ń gba pacemaker lára àwọn olóògbé, pẹ̀lú àṣẹ ẹbí. Wọ́n á wò ó bóyá bátìrì rẹ̀ ṣì pọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí kò ní owó. Ìwádìí wọn tó jáde ní 2024, lára ènìyàn 298 ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà wà níbẹ̀, fi hàn pé èyí tí wọ́n tún ṣe kò rẹ̀yìn sí tuntun. Ẹ rí i pé ohun tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe wúlò tó níbẹ̀ ni iye ọdún tó kù nínú bátìrì. Ibi tí owó abẹ kejì ti ṣòro rí ni ẹ̀rọ tí a lè bọ́ láti ìta ti wúlò jù lọ; ibẹ̀ náà sì ni mo bẹ̀rù pé yóò dé gbẹ̀yìn, bí àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa kò bá máa rán àwọn ọ̀dọ́ dókítà àti onímọ̀ ẹ̀rọ lọ kọ́ ọ láti ìsinsìnyí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní pacemaker lára, tàbí tẹ́ ẹ ní òbí tó ní i, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún yín kí n tó lọ. Scan tí wọ́n fi ń wo ikùn tàbí ọkàn kò ní ṣe ẹ̀rọ yín ní nǹkan kan, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ultrasound tún wà tí wọ́n ń fi wo ìrora ara àti oríkèé ní ilé ìtọ́jú, èyí tó ń mú ara gbóná. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe é pé ẹ gbé ẹ̀rọ, kí ó má gbé e sún mọ́ àyà yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe MRI, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ọkàn yín kí ẹ tó wọ inú yàrá náà. Káàdì tí wọ́n fún yín nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí yín lára, ẹ máa mú un dání lọ síbikíbi, ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ wá fi wo bátìrì kọjá.